Ẹ̀gẹ́ Oko àti Ìbátan Rẹ̀ Inú Igbó: Ìdí Tí Kò Fi Yẹ Kí A Gbin Irú Kan Ṣoṣo

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Ìkọ̀tún, ní Ẹ̀gbẹ́dá, ní Ìgàndò àti ní gbogbo agbègbè Alímọ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ tí a mú tọ̀ yín wá lónìí dá lórí ẹ̀gẹ́, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ajílẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ta gàrí lọ́jà. Ibi tí agbára ẹ̀gẹ́ yín ti wá ni a fẹ́ sọ, àti ohun tí ó wà lọ́wọ́ yín láti ṣe kí agbára náà má baà tán.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń dáko ní àdúgbò yìí. Ilẹ̀ kò sí mọ́. Ààrin ilé méjì ni oko ẹlòmíràn wà, onílẹ̀ sì lè dé nígbàkigbà pé òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé. Nígbà tí òjò bá dé, a ó sáré tọ aládùúgbò lọ pé kí ó bùn wá ní igi ẹ̀gẹ́. Òun náà, ọ̀dọ̀ aládùúgbò tirẹ̀ ni ó ti gbà á ní èṣí. Bí a bá tọpasẹ̀ rẹ̀ dáadáa, a lè rí i pé igi kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀gẹ́ tí ó wà ní òpópónà kan ti ṣẹ̀ wá.

Kí ni aburú tí ó wà nínú èyí? Ẹ rántí pé bí ẹ bá gé igi ẹ̀gẹ́ kan sí mẹ́wàá tí ẹ sì rì í mọ́lẹ̀, kì í ṣe ọmọ mẹ́wàá ni ẹ ní. Ẹ̀gẹ́ kan náà ni, tí ó dúró ní ojú ibi mẹ́wàá. Ohun tí ó ń jẹ́ àbùdá, ìyẹn ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí, tí ó ń mú kí ọmọ kan ga, kí òmíràn kúrú, ọ̀kan náà ni nínú gbogbo wọn. Àrùn tí ó bá rí ọ̀kan gbé ṣánlẹ̀ yóò rí gbogbo wọn gbé ṣánlẹ̀.

ÀLEJÒ NI Ẹ̀GẸ́ LÁÀÁRÍN WA

Lóòótọ́ ni Nàìjíríà ń pèsè ẹ̀gẹ́ ju orílẹ̀-èdè èyíkéyìí lọ ní ayé. Síbẹ̀, ilẹ̀ wa kọ́ ni ẹ̀gẹ́ ti ṣẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀, ní ìhà Brazil. Àwọn Potogí ni wọ́n gbé e wá sí etíkun Áfíríkà lẹ́yìn ọdún 1500. Nígbà tí àwọn Àgùdà, àwọn èèyàn wa tí a ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil, bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sí igba ọdún sẹ́yìn, àwọn náà wà lára àwọn tí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ àti gàrí gbilẹ̀ ní Èkó àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Àlejò tí ó bá dé ìlú lè bá àrùn tí kò mọ̀ pàdé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún ẹ̀gẹ́. Áfíríkà níhìn-ín ni ó ti kó àrùn tí a ń pè ní mòsáíìkì. Ọdún 1894 ni onímọ̀ kan ará Jámánì, Warburg, kọ́kọ́ kọ nípa àrùn yìí ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, ní ilẹ̀ tí ó di Tanzania lónìí. Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ ọ́n. Ewé ẹ̀gẹ́ á ní àbààwọ́n, á pọ́n níbìkan, á sì tutù níbòmíràn. Ewé á ká kò, á kéré, igi á kúrú, gbòǹgbò á sì tín-ín-rín. Àwọn mìíràn máa ń rò pé ilẹ̀ ni kò dára. Kì í ṣe ilẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì ni, ìyẹn kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí. Ọ̀nà méjì ni ó sì ń gbà rìn: àwọn eṣinṣin funfun kéékèèké tí wọ́n máa ń wà lábẹ́ ewé ń gbé e kiri, àwa àgbẹ̀ fúnra wa náà sì ń gbé e kiri nígbà tí a bá gé igi tí ó ti ní àrùn fún gbígbìn.

Ẹ̀gẹ́ kò ní ẹbí kankan nílẹ̀ yìí tí ó ti mọ àrùn náà tí ó sì lè yá a ní agbára. Ṣùgbọ́n ẹbí kan ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

ÌBÁTAN TÍ Ó WÁ GẸ́GẸ́ BÍ IGI RỌ́BÀ

Ní ìpínlẹ̀ Ceará, ní àríwá ìlà-oòrùn Brazil, igi kan wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Manihot glaziovii. Ẹ̀gẹ́ tiwa ni wọ́n ń pè ní Manihot esculenta. Ẹ rí i pé orúkọ ìdílé wọn kan náà ni. Igi gidi ni ti Ceará yìí, ó lè ga ju òrùlé ilé lọ. Ó ní oje tí wọ́n ń fi ṣe rọ́bà, gbòǹgbò rẹ̀ kò sì ṣe é jẹ. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, àwọn òyìnbó amúnisìn kó o wá sí Áfíríkà nítorí rọ́bà. Nígbà tí ó yá, irú rọ́bà mìíràn, èyí tí a mọ̀ lónìí ní Sápẹlẹ àti ní Benin, gba ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n pa ti Ceará tì. Ó di igi ìbòòji, ó di igi ọgbà, òmíràn sì wọ inú igbó lọ, ó di igi ẹgàn.

Igi tí ẹnikẹ́ni kò kà sí mọ́ yìí, mòsáíìkì kì í fi bẹ́ẹ̀ rí i ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹran ọ̀sìn ṣe àpèjúwe. Bí akọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bá gun abo ẹṣin, ìbaaka ni ẹṣin náà yóò bí. Ìbaaka lágbára, ṣùgbọ́n kì í sábà bímọ, nítorí pé okùn àbùdá ẹṣin jẹ́ 64, ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sì jẹ́ 62. Wọn kò dọ́gba. Ṣùgbọ́n okùn àbùdá ẹ̀gẹ́ jẹ́ 36, ti igi rọ́bà Ceará náà sì jẹ́ 36. Bí oyin bá bà lé òdòdó ọ̀kan tí ó sì gbé ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ sórí òdòdó èkejì, èso lè wà, ọmọ náà lè dàgbà, òun náà sì lè so èso.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Áfíríkà nìyẹn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀. Níbi tí oko ẹ̀gẹ́ àti igi rọ́bà náà ti wà nítòsí ara wọn, àwọn ọmọ ìdàpọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí hù. Wọ́n ń dàgbà di igi, ewé wọn sì jọ ti ẹ̀gẹ́. Bí ẹ bá rí ẹ̀gẹ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà tí ó ti di igi, tí ìtì rẹ̀ nípọn, tí ẹnikẹ́ni kì í sì í wú, ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní àwọn ọdún 1990, àwọn onímọ̀ yẹ irú igi bẹ́ẹ̀ wò ní Côte d'Ivoire àti ní Nàìjíríà níhìn-ín. Wọ́n rí àmì bàbá àti àmì ìyá pọ̀ lára wọn. Wọ́n tún rí i pé àwọn igi náà kò rí bákan náà. Òmíràn sún mọ́ ẹ̀gẹ́, òmíràn sún mọ́ igi rọ́bà, òmíràn sì wà láàárín méjèèjì. Ìdí rẹ̀ ni pé ọmọ ìdàpọ̀ tún lè bá ẹ̀gẹ́ oko pàdé, tàbí kí ó bá igi rọ́bà pàdé, kí ó sì tún bí ọmọ mìíràn.

Ẹ wá fi wé oko tiwa. Ilà ọgọ́rùn-ún lè wà nínú oko, kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àbùdá kan ṣoṣo. Igi ẹgàn mẹ́wàá tí wọ́n ti inú èso hù, àbùdá mẹ́wàá ni. Nínú mẹ́wàá yẹn, mẹ́sàn-án lè má wúlò fún ohunkóhun. Ẹ̀kẹwàá lè jẹ́ èyí tí yóò gba gbogbo àdúgbò sílẹ̀ ní ọjọ́ tí àrùn bá dé.

BÍ AGBÁRA INÚ IGBÓ ṢE DÉ INÚ OKO

Ní àwọn ọdún 1930, ní ilé ìwádìí kan ní Amani, ní Tanganyika ìgbà náà, àwọn onímọ̀ méjì, Storey àti Nichols, ro ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀. Wọ́n mú ìyẹ̀fun òdòdó igi rọ́bà Ceará, wọ́n fi so ẹ̀gẹ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ rí kò ṣe é jẹ. Ara rẹ̀ le sí àrùn, ṣùgbọ́n gbòǹgbò rẹ̀ kò dára. Wọn kò jù ú nù. Wọ́n dá a padà sọ́dọ̀ ẹ̀gẹ́, wọ́n mú ọmọ tí ó sàn jù, wọ́n tún dá ìyẹn padà sọ́dọ̀ ẹ̀gẹ́, títí ó fi di ìgbà mẹ́ta. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n wá rí ẹ̀gẹ́ tí gbòǹgbò rẹ̀ dà bí ti ẹ̀gẹ́, tí ara rẹ̀ sì le bí ti igi inú igbó.

Ní àwọn ọdún 1950 ni irúgbìn láti Amani dé ọ̀dọ̀ wa, ní Moor Plantation ní Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣa ẹ̀gẹ́ kan tí wọ́n fún ní nọ́ńbà 58308. Wọ́n dá IITA sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967. Ní 1971, ọ̀mọ̀wé Hahn, ọmọ ilẹ̀ Kòríà, dé síbẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́. 58308 yìí ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀. Láti ara rẹ̀ ni wọ́n ti rí TMS 30572 àti àwọn mìíràn ní àwọn ọdún 1970, àwọn tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ wa mọ̀ sí ẹ̀gẹ́ àgríìkì. Àwọn ará Ìkirè mọ rírì iṣẹ́ ọkùnrin yìí débi pé wọ́n fi í jẹ oyè Sẹ́ríkí Àgbẹ̀.

Ǹjẹ́ iṣẹ́ yìí wúlò? Ẹ jẹ́ kí a wo Uganda. Láti ìparí àwọn ọdún 1980, mòsáíìkì kan tí ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ parun ní agbègbè kan sí òmíràn, ebi wọlé, àwọn àgbẹ̀ sì pa ẹ̀gẹ́ tì. Ní 1997, àwọn onímọ̀ rí okùnfà rẹ̀: fáírọ́ọ̀sì méjì ni ó pàdé nínú ẹ̀gẹ́ kan náà, wọ́n sì dàpọ̀ di ẹ̀kẹta tí ó le jù wọ́n lọ. Ẹ rí i pé àrùn pàápàá mọ ọgbọ́n ìdàpọ̀. Lára àwọn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi dá oko padà ní Uganda ni TMS 30572 wà, ìyẹn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn. Migyera ni wọ́n sọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ igi rọ́bà tí wọ́n ti pa tì ni ó wà lára rẹ̀ tí ó fi lè dúró.

AGBÁRA KEJÌ: ẸRÙ ÀWỌN BÀBÁ WA

Ẹ má ṣe rò pé igbó àti ilé ìwádìí nìkan ni agbára ti wá. Àwọn ẹ̀gẹ́ kan wà tí àwọn àgbẹ̀ wa ti ń gbìn tipẹ́ ní Nàìjíríà, tí ẹnikẹ́ni kò fi igi rọ́bà so. Nígbà tí IITA kó wọn jọ tí ó sì dán wọn wò, wọ́n rí i pé mòsáíìkì kì í fi bẹ́ẹ̀ rí díẹ̀ nínú wọn ṣe. Ọkọ-Ìyàwó wà lára wọn, èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé ní TME 7. Ní 2002, àwọn onímọ̀ kéde pé ibi kan ṣoṣo nínú àbùdá ni agbára yìí wà, wọ́n sì pè é ní CMD2. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ẹ̀gẹ́ tuntun ni wọ́n ti fi í sí nínú.

Àwọn wo ni wọ́n pa á mọ́ títí di ọjọ́ tí wọ́n wá a dé? Àgbẹ̀ ni. Àwọn tí wọn kò mọ CMD2, ṣùgbọ́n tí wọ́n rí i pé ẹ̀gẹ́ yìí kì í ṣàárẹ̀, tí wọ́n sì ń gé e gbìn lọ́dọọdún. Ká ní wọ́n ti jù ú nù nígbà tí ẹ̀gẹ́ tuntun dé, kò ní sí ohun tí ilé ìwádìí yóò rí kó.

ILẸ̀KÙN TÓÓRÓ NI A GBÀ

Nísinsìnyí a dé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Igi rọ́bà Ceará tí ó wà nínú igbó Brazil pọ̀ lọ jàra, wọn kò sì jọ ara wọn. Ṣùgbọ́n díẹ̀ péré ni wọ́n lò ní Amani. Èyí tí ó kọjá wá sí Ìbàdàn kéré sí i, 58308 ni púpọ̀ nínú wọn sì gbà wọlé. Ní 2016, àwọn onímọ̀ ka àbùdá ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀gẹ́ láti orí dé ìdí, wọ́n sì rí apá igi rọ́bà náà kedere nínú ẹ̀gẹ́ tí a ń gbìn ní Áfíríkà. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní 2019 fi hàn pé àwọn abala ńlá kan tí ó ti Amani wá ṣì wà lódidi lára ẹ̀gẹ́ títí di òní, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ó tún fi hàn pé nínú àwọn ẹ̀gẹ́ tí ó ń ṣe dáadáa, ìlàjì ni ó sábà máa ń jẹ́: apá kan láti ọ̀dọ̀ igi rọ́bà, apá kejì láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gẹ́. Nípa èyí, ìdàpọ̀ fúnra rẹ̀ wà lára ohun tí ó ń so èrè.

CMD2 náà ńkọ́? Ibi kan ṣoṣo ni. Ilé tí ó ní ilẹ̀kùn kan àti kọ́kọ́rọ́ kan, bí olè bá rí kọ́kọ́rọ́ náà, ó tán. Fáírọ́ọ̀sì sì ń yí padà, bí a ti rí i ní Uganda. Àrùn mìíràn tún wà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà tí ń jẹ́ kí gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ rà nínú ilẹ̀ nígbà tí ewé ṣì dára lójú. CMD2 kò dí ìyẹn lọ́wọ́. Lára àwọn ẹ̀gẹ́ tí ó lè dúró dè é ni èyí tí wọ́n ń pè ní Namikonga, òun náà sì jẹ́ ọmọ-ọmọ igi rọ́bà Ceará láti Amani. Ẹ ò rí i pé agbára tí a kò nílò lónìí lè jẹ́ òun ni a ó máa wá kiri lọ́la.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE

Èkíní, ẹ má ṣe gbin irú ẹ̀gẹ́ kan ṣoṣo. Bí oko yín tilẹ̀ kéré, ẹ gbin irú mẹ́ta ó kéré tán, kí olúkúlùkù ní ebè tirẹ̀. Ẹ rì igi sí orí ebè kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè mọ èyí tí ó jẹ́ èwo nígbà tí ẹ bá fẹ́ wú u.

Èkejì, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ ti wá irú mẹ́ta náà. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà ni ẹ ti gbà wọ́n, ó lè jẹ́ irú kan tí ó ní orúkọ mẹ́ta.

Ẹ̀kẹta, ara igi tí ó yá gágá nìkan ni kí ẹ ti gé èyí tí ẹ ó gbìn. Ẹ yẹ ewé wò kí ẹ tó gé e. Láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ máa rìn yí oko ká. Èyí tí ewé rẹ̀ bá ká kò tí ó sì ní àbààwọ́n, ẹ fà á tu, kí ẹ sì sun ún. Ẹ má ṣe jù ú sí ẹ̀gbẹ́ oko.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá gba ẹ̀gẹ́ tuntun, ẹ má ṣe lé ti àtijọ́ lọ. Ẹ fi igun kan sílẹ̀ fún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìdí márùn-ún péré. Bí onílẹ̀ bá sì dé pé òun fẹ́ kọ́lé, igi ni kí ẹ kọ́kọ́ gé kó kúrò kí ẹ tó wú gbòǹgbò. Gàrí yóò tán láàárín oṣù kan. Igi ni ó máa ń bí oko mìíràn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀gẹ́ tí ó ti di igi ní ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ẹ má ṣe wú gbòǹgbò rẹ̀ jẹ. Oró tí ó wà nínú rẹ̀ lè pọ̀ ju ti ẹ̀gẹ́ oko lọ. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé. Ẹ má sì ṣe gé e gbìn. Ṣùgbọ́n bí kò bá dí yín lọ́wọ́, kò sí ìdí tí ẹ fi ní láti gé e lulẹ̀.

Ẹ̀kẹfà, èso ẹ̀gẹ́ máa ń bẹ́ bí ó bá gbẹ, irúgbìn mẹ́ta ni ó sì máa ń wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá rí ẹ̀gẹ́ tí ó ti inú èso hù fúnra rẹ̀ nínú oko, tí ó yá gágá láàárín àwọn tí ó ń ṣàìsàn, ẹ má ṣe kánjú ro ó mọ́ koríko. Kò sí ẹ̀gẹ́ mìíràn láyé tí ó rí bákan náà pẹ̀lú rẹ̀ délẹ̀délẹ̀. Ẹ fi àmì sí i, kí ẹ sì pe òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn kí ó wá wò ó. Ẹ má tọ́ ọ wò ní tútù. Bí ó bá tilẹ̀ dàgbà, rírin, fífún àti yíyan bíi gàrí ni kí ẹ ṣe é.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, Alímọ̀ṣọ́ ń di ìlú ńlá lójoojúmọ́. Igbó tí ó wà lẹ́yìn Ìgàndò nígbà kan, ilé ni ó wà níbẹ̀ báyìí. A kò lè dá ilé kíkọ́ dúró. Ohun tí ó wà níkàáwọ́ wa ni igi tí a ń gbé lọ́wọ́ láti oko kan sí òmíràn. Bí ó bá jẹ́ irú kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbé kiri, àrùn kan ṣoṣo tó láti sọ gbogbo wa di ẹni tí ń ra gàrí jẹ. Bí ó bá jẹ́ onírúurú ni, àrùn yóò pa tẹ̀gbọ́n, yóò bá ti àbúrò lórí ìdúró. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ bi aládùúgbò yín léèrè irú ẹ̀gẹ́ tí ó ń gbìn. Bí ó bá yàtọ̀ sí tiyín, ẹ ṣe pàṣípààrọ̀ igi mẹ́wàá.

Ibí ni a ó ti dánu dúró lónìí. Oko á gbè wá o.